Láti Àkúrẹ́ Dé Òǹdó Lórí Kẹ̀kẹ́: Ìbéèrè Táwọn Èèyàn Máa Ń Bi Wá

Gbogbo ìgbà tí ìrìn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wa bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan náà làwọn tó fẹ́ bá wa lọ máa ń béèrè. Mo ti dáhùn wọn lórí fóònù títí ọ̀fun fi gbẹ, ni mo bá kúkú kọ wọ́n sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ibo gan-an là ń lọ, báwo ló sì ṣe jìnnà tó?

Ìtòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ la ti ń gbéra. A ó bọ́ sí ọ̀nà Òǹdó, a ó kọjá Apọnmú, a ó dé Òwenà níbi tí odò wà, a ó kọjá Bọ́lọ́rundúró, ká tó wọ Òǹdó Ẹ̀kímọ̀gún. Àlọ nìkan sún mọ́ 50 kìlómítà. Ọjọ́ kan náà la sì ń padà, nítorí náà ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí 100.

Ṣé ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tó jìnnà rí lè bá yín lọ?

Ó lè bá wa lọ, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò. Ìdánwò tí mo máa ń fún àwọn èèyàn ni Ìdànrè. Àlọ àti àbọ̀ Ìdànrè láti Àkúrẹ́ kò tó ìdajì ohun tí a fẹ́ rìn, òkè sì wà níbẹ̀ tó láti fi mọ bí ẹsẹ̀ ṣe le sí. Bí ẹ bá lọ láàárọ̀ Sátidé kan tí ẹ padà kó tó di ọ̀sán, tí ẹ sì dìde lọ́jọ́ Àìkú láìdi ògiri mú, ẹ ti ṣe tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gígun àtẹ̀gùn orí òkè Ìdànrè kún un lọ́jọ́ kan náà. Àtẹ̀gùn yẹn lé ní 600. Àwọn ará Ìdànrè gan-an sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yẹn wá tẹ̀dó sísàlẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1935, ẹ má wá fi agídí padà lọ bá òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mo ní. Ṣé ó lè dé Òǹdó?

Tòkunbọ̀ lọ̀pọ̀ wa ń gùn. Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kò ní kí ẹsẹ̀ má ro ẹnikẹ́ni. Ohun tí a máa ń wò kò pọ̀: bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mú dáadáa, ṣéènì kò gbọdọ̀ máa fò, táyà kò gbọdọ̀ tíì là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí àgbá ẹsẹ̀, ìyẹn ibi tí apá pẹ́dà ti so mọ́ kẹ̀kẹ́, kò sì gbọdọ̀ máa mì nígbà tí ẹ bá fọwọ́ mì ín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìyà láìmọ̀ ni gíga ìjókòó. Mo máa ń rí géńdé ọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ ń kan àyà bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́, nítorí ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun méjèèjì máa tẹ ilẹ̀ nígbà tó bá jókòó. Bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ báyẹn dé Òwenà, orúnkún yín á pè yín lẹ́jọ́. Bó ṣe yẹ nìyí: ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí ẹnì kan bá yín dì í mú, ẹ yí pẹ́dà kan lọ sísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì fi gìgísẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Nígbà tí ẹ bá wá ń fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wà á bó ṣe tọ́, orúnkún á ká díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Táyà eléékánná ńláńlá tí wọ́n ṣe fún inú igbó máa ń fa èèyàn sẹ́yìn lórí ọ̀dà. Èyí tó tẹ́jú sàn. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára táyà fúnra rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà mọ́tò fẹ́ ẹ láìwo iye rẹ̀, túùbù kẹ̀kẹ́ kì í pẹ́ bẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Ní ti ṣéènì, epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀, kí ẹ sì fi àkísà nu èyí tó bá ṣẹ́ kù. Gíríìsì máa ń kó iyanrìn mọ́ra, iyanrìn ló sì ń jẹ ṣéènì.

Kí ni kí n gbé dání?

Hẹ́mẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá ní in kò ní bá wa lọ, ì báà ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà, túùbù kan tó bá táyà yín mu, pọ́m̀pù, omi, oúnjẹ díẹ̀, owó ṣẹ́ńjì, fóònù tí iná rẹ̀ kún, àti bébà kan tí ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà ẹnì kan nílé sí, kí ẹ fi ọ̀rá wé e. Iná pupa kékeré fún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wúlò láàárọ̀ kùtù àti nígbà ọyẹ́. Ẹ má gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn á ro yín, òógùn á sì bo yín. Ẹ dè é mọ́ kẹ̀kẹ́.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tètè jí báyẹn?

Aago mẹ́fà àárọ̀ la ń pàdé, bí ojú bá ti ń mọ́ la ń gbéra. Oòrùn máa ń yọ láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ní ẹkùn wa yìí, wákàtí méjì tó bá tẹ̀ lé e ló sì dára jù láti fi rìn. Ilẹ̀ ṣì tutù, tírélà kò tíì pọ̀, ara ṣì yá. Ẹni tó bá gbéra ní aago mẹ́jọ ti fi àárọ̀ ta ọ̀sán.

A kì í sáré. Nǹkan bí kìlómítà 15 sí 18 ní wákàtí kan là ń rìn, a sì máa ń dúró. Bí nǹkan bá lọ déédéé, a ó wọ Òǹdó láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá. A ó jẹun, a ó sinmi dáadáa, a ó sì gbéra padà ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀. Òfin wa ni pé aago márùn-ún kò gbọdọ̀ bá wa ní ìta ìlú.

Báwo lẹ ṣe ń tò lójú ọ̀nà?

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà, torí òun ló ya ìrìn ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ sí ti ẹni tó ń dá lọ.

Apá ọ̀tún la ń gbà. Àwọn kan ṣì máa ń sọ pé kí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ máa dojú kọ mọ́tò kó lè rí i. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nìyẹn ń bá wí. Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọkọ̀ sì ni kẹ̀kẹ́.

A máa ń tò tẹ̀léra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ọ̀wọ́ kan, àyè gbọ̀ọ̀rọ̀ á wà láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì. Àyè yẹn wà fún mọ́tò tó bá fẹ́ yà wá kọjá, kó lè rí ibi kó sí bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ níwájú. Bí gbogbo wa bá so mọ́ra gbọọrọ láìsí àlàfo, inú á bí dírẹ́bà, èyí tí inú bá sì ti bí kì í wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni iwájú ló ń bá afẹ́fẹ́ jà fún àwọn tó kù. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ẹnì kan pẹ́kípẹ́kí nígbà tí eré bá yá díẹ̀, agbára tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ́wọ́ yín lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba iwájú ní ìpín-ìpín. Bí ó bá ti tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹni iwájú á wẹ̀yìn, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á jẹ́ kí àwọn yòókù kọjá, á sì bọ́ sẹ́yìn ọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa lọ kì í gba iwájú, kó máa fi ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ kan jìnnà sí ẹni tó tẹ̀ lé. Kó má sì máa wo táyà ẹni náà, èjìká rẹ̀ ni kó máa wò.

Gbogbo ohun tí ẹni iwájú bá rí, ó gbọ́dọ̀ dé etí ẹni ìkẹyìn. "Kòtò!" "Mo ń dúró o!" "Mọ́tò lẹ́yìn!" Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ pariwo rẹ̀ sẹ́yìn. Ojú kì í ti ẹnikẹ́ni. Mo mọ bàbá kan tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ lórí "Kòtò!" yìí á jí òkú, kò sì sí ẹni tó tíì já sí kòtò lẹ́yìn rẹ̀.

Bí mo bá rẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má fi mí sílẹ̀.

Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun. Ẹni tó le jù nínú wa la máa ń fún, kì í ṣe ẹni tó lọ́ra jù. Bí ẹ bá dúró, á dúró. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ ń ti kẹ̀kẹ́, á bá yín tì í. Ní gbogbo orí òkè ńlá àti ní gbogbo ìyànà, àwọn tó wà níwájú gbọ́dọ̀ dúró títí wọ́n á fi rí i. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúró sinmi lórí òkè, kí ẹni tó rẹ̀ jù dé bá wọn, kí wọ́n sì gbéra lójú ẹsẹ̀ torí àwọn ti sinmi tán. Ẹni náà kò tíì mí! Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó dé gbẹ̀yìn ló ń sọ ìgbà tí a ó gbéra.

Bí ó bá kọjá agbára yín pátápátá, ẹ sọ ọ́ ní Òwenà tàbí Bọ́lọ́rundúró, níbi tí bọ́ọ̀sì ti lè gbé yín àti kẹ̀kẹ́ yín. Wọ́n á gba owó ẹrù. Ẹ ná an.

Kí là ń jẹ?

Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, nǹkan tí kò wúwo: ẹ̀kọ àti móínmóín, tàbí búrẹ́dì àti tíì. Lẹ́yìn náà, ẹ má dúró de ebi. Ara tó ń ṣe iṣẹ́ báyìí ń fẹ́ oúnjẹ afúnnilágbára bíi gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó tóbi díẹ̀ tó bíi 25, nítorí náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ní wákàtí kan ti tó. Dàbínù dára, kì í bàjẹ́ lápò. Ìpékeré dára ní ti iyọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ ọ̀fun.

Àkàrà gbígbóná máa ń wà lẹ́bàá ọ̀nà lówùúrọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè kọjá rẹ̀. Àwọn màmá alákàrà á ti rí wa láti òkèèrè pẹ̀lú hẹ́mẹ́ẹ̀tì lórí, wọ́n á máa béèrè ohun tí a ń sá fún. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ rà á, ẹ fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Òróró inú rẹ̀ kì í tètè dà. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ yó, òkè tó kàn á fi hàn yín.

Iyán wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Òǹdó la wà, iyán gúnmọ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ ń pe èèyàn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ ìrẹsì díẹ̀ tàbí àsáró ní Òǹdó, kí ẹ sì fi iyán pamọ́ di ìrọ̀lẹ́ ní Àkúrẹ́. Àwọn kan nínú wa kì í gbọ́, wọ́n sì ń padà sílé. Kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọn kì í dùn ún wò.

Omi ńkọ́?

Kí ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lítà kan ààbọ̀ ni kí ẹ fi gbéra, a ó máa ra sí i lójú ọ̀nà. Piọ́ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, ìyẹn sì tó bí ohun tí èèyàn ń mu ní wákàtí kan nígbà tí oòrùn kò bá tíì mú.

Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, omi lásán kì í tó mọ́, torí iyọ̀ ń bá òógùn jáde. Ẹ lè pò ó fúnra yín: ṣíbí ìmùtíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìmùtíì iyọ̀ sínú lítà kan omi tó mọ́, kí ẹ gé ṣíbí náà dọ́gba, kó má ga. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí orí bá ń fọ́, tí òtútù ń mú nínú oòrùn, tàbí tó ti ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ìrìn rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ bu omi sí i lára, ẹ wá mọ́tò.

Òkè pọ̀ lọ́nà náà?

Ọ̀nà náà ń gòkè ó ń sọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí èyí tó burú jù, pípọ̀ wọn ló ń tán èèyàn lókun. Ẹ yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí ẹ tó dé ìdí òkè, kì í ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń wúwo, torí ṣéènì lè já lábẹ́ agbára yẹn. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yí wéréwéré.

Sísọ̀ kalẹ̀ ló léwu ju gígòkè lọ. Bíréèkì méjèèjì ni kí ẹ máa lò pọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tú u, kí ẹ má fún un pa. Bí ẹ bá sì wọ agbègbè tí wọ́n ti ń sá kòkó sí etí ọ̀dà, ẹ rọra. Láti oṣù Kẹwàá lọ, ẹ ó rí wọn lórí tapólì, hóró pupa rúsúrúsú tó ń rùn bí ohun tó kan díẹ̀, ìyá kan á sì máa fi ẹsẹ̀ yí wọn. Owó ọdún kan ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹ yà fún un pátápátá, kódà bí ẹ bá ní láti sọ̀ kalẹ̀.

Bí táyà mi bá jò lójú ọ̀nà?

A ó jọ dúró. Ohun tó ń lu táyà wa jù kì í ṣe ìṣó, wáyà tín-ń-tín tó máa ń jáde lára táyà tírélà tó bẹ́ ni. Ó kéré débi pé ojú kì í rí i. Nítorí náà, kí ẹ tó fi túùbù tuntun sí i, ẹ fi ìka wọ́ inú táyà yípo jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ ni mo ní, kó má baà gé yín. Ibi tó bá ti gún ìka díẹ̀ ni wáyà náà wà. Ẹ tì í jáde láti inú, tàbí kí ẹ fi ẹ̀mú fà á. Ẹni tó bá pààrọ̀ túùbù láìṣe èyí á tún dúró ní kìlómítà kan síwájú.

Fún ríràn rẹ̀: ẹ fẹ́ túùbù, ẹ gbé e sún mọ́ ètè yín títí afẹ́fẹ́ á fi kàn yín, ẹ fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀, ẹ fi sólúṣọ̀n pa á, kí ẹ sì dúró kó gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Ìkánjú níbi sólúṣọ̀n yìí ló ń jẹ́ kó ṣí. Ìdí ṣíbí ìjẹun dára fún yíyọ táyà bí ẹ kò bá ní irin rẹ̀.

Ṣé àwọn obìnrin máa ń wá?

Wọ́n ń wá dáadáa. Ìlú tí à ń lọ gan-an, ìtàn Òǹdó sọ pé obìnrin ló kọ́kọ́ jẹ Òsemàwé níbẹ̀, Pupupu lorúkọ rẹ̀. Ẹ wọ ohun tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kó ṣáà má jẹ́ ohun tó lè há sí ṣéènì.

Ìdí mi máa ń ro mí gan-an. Ṣé kí n fi tìmùtìmù sí i?

Rárá o. Tìmùtìmù tó rọ̀ jù ń mú kí ara máa ra ara. Ṣòkòtò àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó ní ìtẹ́dìí nínú ló dára, ẹ má wọ pátá sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi básílíìnì pa ibi tó ń ra. Jíìnsì kọ́ o, ojú rírán rẹ̀ á bó yín. Kí ẹ máa dìde dúró lórí pẹ́dà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lóòrèkóòrè.

Ọ̀rọ̀ ààbò ńkọ́? Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí ewu lójú ọ̀nà ń tàn yín jẹ. Ohun tí a ń ṣe ni pé a máa ń lọ bá àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ló mọ bí ọ̀nà ṣe sùn tó sì jí. A tún máa ń sọ fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá dùn létí, a kì í lọ, a kì í sì jiyàn lé e lórí. A kì í gba ọ̀nà inú igbó láti fi gé ìrìn kúrú. A kì í dá dúró láti tọ̀ níbi tí kò sí ilé. A kì í sì gbé àwòrán ibi tí a wà síta títí a ó fi padà délé. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni 122.

Oṣù wo ló dára jù?

Oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Òjò ti dá, ọyẹ́ kò tíì le. Nígbà ọyẹ́ gan-an, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: ìlà-oòrùn àríwá ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń fẹ́ wá, Àkúrẹ́ sì wà ní ìlà-oòrùn àríwá sí Òǹdó. Ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ á máa tì yín lẹ́yìn lọ sí Òǹdó, ẹ ó máa rò pé ẹ lágbára, àbọ̀ ló sì máa wá dojú kọ yín nígbà tí okun ti tán. Ẹ má ná gbogbo agbára yín lálọ. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ òkun á ti yí i padà, ṣùgbọ́n òjò á pa yín, bíréèkì kò sì ní tètè mú. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ wọ abẹ́ òrùlé, kì í ṣe abẹ́ igi.

Kí lẹ ń ṣe ní Òǹdó?

A máa ń sinmi, ká má purọ́. A ó wọ inú ìlú lọ síhà ààfin Òsemàwé, a ó ya fọ́tò, àwọn ọmọdé á yí wa ká pé àwọn fẹ́ gùn ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ tẹ agogo. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wá ibòòji kan, ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ga. Àwọn kan máa ń sùn.

Ṣé owó wà tí a ó san?

Kò sí. Oúnjẹ yín, omi yín, túùbù yín.

Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́tàlá fẹ́ bá wa lọ.

Kó bá wa dé Apọnmú, kí ẹ sì bá a padà.

Lọ́jọ́ kejì ńkọ́?

Ẹ má dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Ẹ rìn díẹ̀ ládùúgbò, ẹ mu omi púpọ̀, ẹ jẹ ẹ̀wà. Ẹ fọ kẹ̀kẹ́ kí eruku tó gbẹ mọ́ ṣéènì, kí ẹ sì wo táyà yípo, torí wáyà tí kò tíì wọlé tán lè wà níbẹ̀. Bí orúnkún bá wú, tàbí tí ó ń ro yín ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì gbé kẹ̀kẹ́ náà wá ká bá yín wo gíga ìjókòó rẹ̀.